Keshi: Táyé 1994, Kẹ́hìndé 2013

Ta ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ará Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì, pé Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n? Bẹ́ẹ̀ náà ni ife ẹ̀yẹ Áfíríkà méjì tí olóògbé Stephen Keshi gbà. Kápúténì ni ní 1994. Ní 2013, òun ni kóòṣì, èyí ló sì jù! Àwọn kan ń kùn pé ó kó ọmọ abẹ́lé lọ. Sunday Mba, ọmọ abẹ́lé, ló gbá góòlù tó na Burkina Faso. Aráàlú ń pè é ní “Big Boss”. Àwọn ọ̀gá àjọ bọ́ọ̀lù ńkọ́? Hùn! Lọ́jọ́ kejì ife, Keshi kéde pé òun ò ṣe mọ́. Mínísítà eré ìdárayá, Bọ́lájí Abdullahi, dá sí i kó tó padà. Tógò náà ṣe é rí: ó gbé wọn dé World Cup 2006, ẹlòmíì ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Ẹni ọdún 54 ni nígbà tó kú ní Benin, oṣù kẹfà 2016.