Ẹ Jẹ́ Ká Kúrò Lábẹ́ Wáyà Gíga

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mo mọ̀ pé yóò bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n akọ̀wé ẹgbẹ́ ò gbọdọ̀ máa kọ èyí tó dùn nìkan.

Ní oṣù kẹwàá 2024, iná gbogbo Nàìjíríà dákú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣàwá àti páńla inú fírísà mi rọ̀ pátápátá. Ìdajì owó ni mo tà á. Òṣogbo wa níbí sì rèé, ibi tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo orílẹ̀-èdè!

Bírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, tiransifọ́mà là ń pariwo. Bí olóṣèlú bá ń wá ìbò, tiransifọ́mà náà ló ń gbé wá, àwa a sì jó. Tiransifọ́mà ò kúkú ní iná nínú. Ẹ wo tòmátì: ó lè pọ̀ lóko l'Ókè Ọya, bí tírélà ò bá sí, ibẹ̀ ni yóò jẹrà sí. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń pèsè iná nílẹ̀ yìí lè pèsè nǹkan bí 13,000 mẹ́gáwáàtì lórí ìwé, ṣùgbọ́n 4,000 sí 5,000 ló sábà máa ń jáde. Gáàsì tí kò tó wà lára ohun tó fà á, wáyà gíga tí kò tó náà wà níbẹ̀. Wáyà 330,000 fóltì ni tírélà iná. Bí agbára rẹ̀ ti ga tó yẹn ni kì í jẹ́ kó ṣòfò púpọ̀ lọ́nà jíjìn. Òun ló gbé iná omi Kainji dé ìhà ọ̀dọ̀ wa. Òun náà ni yóò gbé iná oòrùn Òkè Ọya wá, bí wọ́n bá fi kún un.

Ẹ má sì sọ pé ọ̀rọ̀ onílé-iṣẹ́ ńlá ni. Dísù tí wọ́n ń dà sí jẹnẹrétọ̀ láti fi ṣe ọṣẹ, inú owó páálí tí à ń rà ló wà.

Ibi tó le nìyí. Ìlànà ni pé kí mítà 50 ṣófo lábẹ́ wáyà 330,000, mítà 30 lábẹ́ 132,000. Ìsọ̀ mélòó ló wà níbẹ̀ lọ́jà wa? Èmi náà ní ọ̀kan níbẹ̀ rí, torí owó rẹ̀ ò wọ́n. Bí òjò bá ń bọ̀, à ń gbọ́ bó ṣe ń kùn lókè orí wa. Bó bá já, ta ni yóò sá? Ọ̀nà wo ni ọkọ̀ àwọn tó fẹ́ tún un ṣe yóò gbà? A ò lè máa bú wọn ká sì tẹ́ àtẹ dí wọn lọ́nà.

Ṣùgbọ́n kí ìjọba má gbé katakata wá lóru o. Kí wọ́n kọ́kọ́ fún wa nílẹ̀ míì, kí wọ́n sì sanwó fún àgbẹ̀ tí wáyà tuntun bá gba oko rẹ̀.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, màá dá a lábàá pé ká ka ìsọ̀ tó wà níbẹ̀, ká kọ̀wé béèrè ilẹ̀. Ẹni tínú bá ń bí, kó wá sọ tiẹ̀ níbẹ̀.