Ẹ Má Ta Ọkọ̀ Yín: Lẹ́tà sí Àwọn Ará Etí Ọ̀sà Àgbádárìgì

Houston, Texas

Ẹ̀yin bàbá apẹja, ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Topo, Gberefu àti Ajido,

 

Mo gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ kan ń ta ọkọ̀ tí bàbá wọn fi pẹja, kí wọ́n lè rówó ra kẹ̀kẹ́ Márúwá. N kò bá wọn wí. Ẹja ti wọ́n nínú ọ̀sà, epo sì ti gbówó lórí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ta èyí tó kù, ẹ gbọ́ ohun tí ojú wa rí níbí ní oṣù kẹjọ ọdún 2017.

Ọjọ́ 25 oṣù náà ni ìjì tí wọ́n sọ ní Harvey gba Rockport wọ Texas. Ọ̀dọ̀ tiwa ló kúkú ti ṣẹ̀ wá. Etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti bọ́ sórí òkun ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Apá ìwọ̀-oòrùn ni irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń forí lé, kì í yíjú padà sílé, ìdí nìyẹn tí Àgbádárìgì kò fi mọ̀ ọ́n. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì kọ́ ló bá Houston jà, òjò ni. Ìjì náà dé tán, kò lọ mọ́. Bí ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń rọ̀ lé wa lórí. Ní Nederland, ìlú kan ní ìlà-oòrùn wa, òjò tí wọ́n wọ̀n lé ní mítà kan ààbọ̀, èyí tí kò jìnnà sí gbogbo òjò tó ń rọ̀ l'Ékòó lọ́dún kan.

Ìsédò méjì ló wà níwájú ìlú, Addicks àti Barker, tó ti wà láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún nígbà náà. Wọ́n kún débi pé àwọn tó ń ṣọ́ wọn ní láti ṣí ẹnu wọn lóru, omi sì ya wọ ilé ẹni tí kò rí omíyalé rí. Àwọn tó pe nọ́ńbà pàjáwìrì pè é títí. Ní ọjọ́ 27, Ed Emmett, tó jẹ́ olórí ìjọba ìbílẹ̀ Harris nígbà náà, kéde fún gbogbo ayé pé ẹni tó bá ní ọkọ̀ ojú omi, kó jọ̀ọ́, kó gbé e jáde wá ran aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́. Ìlú tí wọ́n ti darí àwọn tó rìn lórí òṣùpá ló ń tọrọ ọkọ̀ apẹja!

Wọ́n sì dé. Àwọn ará ilé kejì wa kọ́kọ́ gbé tiwọn jáde. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Louisiana fi mọ́tò fa ọkọ̀ wọn gba ojú títì wọlé. Àwọn Cajun wà nínú wọn, àwọn ọmọ irà tí ìran wọn ń sọ Faransé, tó ń dọdẹ pẹ́pẹ́yẹ, tó ń kó edé. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ ní New Orleans lọ́dún 2005, nígbà tí ìjì Katrina pa ẹni tó lé ní 1,000. Ẹni tí omi ká mọ́ òkè àjà á sọ̀rọ̀ sórí Zello, áàpù tó ń sọ fóònù di rédíò bíi ti ọlọ́pàá. Obìnrin kan tó jókòó sílé rẹ̀ ní ìlú mìíràn á kọ àdírẹ́sì náà sílẹ̀, á wá ọkọ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ. Tí ọkọ̀ bá dé àdúgbò, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, nítorí òrùlé mọ́tò àti wáyà iná wà lábẹ́ omi, wọ́n á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á máa fi okùn fà á. Ìyá arúgbó kan nítòsí wa, ọmọ Yorùbá, kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní wọkọ̀ àfi tí àpótí aṣọ òkè òun bá bá òun wọ̀ ọ́. Wọ́n gbé e fún un.

Àwọn Cajun yìí, ẹ̀sín ni àwọn ará ìlú ńlá ń fi wọ́n ṣe. Wọ́n á sín ohùn wọn jẹ, wọ́n á ní wọn ò lajú. Ẹ̀yin tí wọ́n ń fi Ẹ̀gùn yín ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ìdúmọ̀tà mọ bó ṣe ń dun ni.

Ọdún 2017 yẹn kan náà ni ìjọba Èkó parí wíwó Otodo-Gbame, àdúgbò etí ọ̀sà ní ọ̀nà Lẹ́kí. Láti oṣù kọkànlá 2016 títí di oṣù kẹrin 2017, Amnesty International ní ẹni tó lé ní 30,000 ni wọ́n lé kúrò níbẹ̀ àti ní Ìlúbìrìn, púpọ̀ nínú wọn apẹja, Ẹ̀gùn, ẹ̀jẹ̀ wa. Àwọn kan sùn sínú ọkọ̀ lórí ọ̀sà. Ní oṣù kẹfà, ilé ẹjọ́ gíga Èkó sọ pé lílé tí wọ́n lé wọn bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin. Houston ń wá ọkọ̀, Èkó ń lé ọlọ́kọ̀. Lọ́jọ́ tí omi bá bo Lẹ́kí mọ́lẹ̀, ta ni wọn yóò ránṣẹ́ pè?

Omi tiyín kì í sáré tó tiwa. Odò Ouémé ló ń gbé e bọ̀ láti òkè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, á gba ọ̀sà Àjàṣẹ́, odò Yewa á da tirẹ̀ kún un, á wá máa gba iwájú ilé yín wá ọ̀nà òkun lọ. Lọ́dún 2010, omíyalé ba nǹkan jẹ́ fún ẹni tó lé ní 600,000 ní Bẹ̀nẹ̀. Nítorí náà, bí àwọn ìbátan wa ní Àjàṣẹ́ bá ti pè pé omi ń gun àtẹ̀gùn, ẹ ti gbọ́ tiyín nìyẹn. Houston kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan kọ ọ́ sínú ìwé: ta ló lọ́kọ̀, èwo ló ní ẹ́ńjìnnì, arúgbó wo ni kò lè dìde, ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Inú ìwé ni mo wí o, kì í ṣe WhatsApp nìkan, torí iná yóò lọ, fóònù yóò sì kú. Ẹ pe 767 tàbí 112, ṣùgbọ́n ẹ ti máa tukọ̀ lọ kí wọ́n tó dé. Kí ìjọba ìbílẹ̀ san owó epo. Níbí, àwọn tó wá gbà wá ló fi owó ara wọn ra epo, ìyẹn kò sì dára tó.

Ẹgbẹ́ àwa ọmọ Àgbádárìgì níbí ti dá owó ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ẹ má kàn fi iye ènìyàn ránṣẹ́ sí wa. Ọmọdé tó bá wọ ti àgbàlagbà, á yọ́ bọ́ nínú rẹ̀ ni. Ẹ gbé àwọn ọmọ sórí òṣùwọ̀n ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé, kí ẹ kọ kílò ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ fi tó mi létí kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, torí ẹrù wa yóò wọ ọkọ̀ òkun láìpẹ́ lẹ́yìn náà.

Èmi ni, ọmọ yín.