Kì í ṣe Sẹ́ẹ̀lì Nìkan ni Ẹjọ́ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀



Ẹni tó kọ̀wé pé sẹ́ẹ̀lì tí kò dára ló ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe ní yàrá ìwádìí máa bẹ́ kò wo ibi tó yẹ. Lọ́dún 1999, Laura Niklason àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi sẹ́ẹ̀lì màlúù ṣe irú iṣan bẹ́ẹ̀. Èyí tí omi ń gba inú rẹ̀ bí ọkàn ṣe ń lù, fún ọ̀sẹ̀ 8, lágbára ju èyí tí omi kò gba inú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tó ń ti omi ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Àwọn kan á ní iná Ògbómọ̀ṣọ́ kò ṣeé gbára lé. Òótọ́ ni, iná ló sì ń gbé ẹ̀rọ náà, ooru inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dúró ní ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ Yunifásítì LAUTECH tó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n ra sólà àti bátìrì ṣáájú sẹ́ẹ̀lì olówó gọbọi: aláìsàn kíndìnrín wà l'Ọ́yọ̀ọ́ tí iṣan apá wọn kò gba abẹ́rẹ́ ìfọ-ẹ̀jẹ̀ (dialysis) mọ́, irú iṣan yìí ni wọ́n sì nílò.