Ta Ni Ó Ni Ohùn Ìlù Wa?

Ẹ̀yin ìjòyè wa, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn wá lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́, a kò sì lè dákẹ́ lórí rẹ̀ mọ́.

Àgbà onílù kan ní Bẹyẹrunkà, ẹni tí a ti mọ̀ fún ọdún púpọ̀, rò fún wa pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ wá bá òun. Ó ní kí baba lu ìyá ìlù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, àti bí a ti í fún ọṣán kí ohùn lè yọ́ gòkè. Ó fún baba ní owó ọkọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ọdún yípo, baba gbọ́ ìlù ara rẹ̀ nínú orin kan ní Ọjà'ba; ó ní òun mọ̀ ọ́n bí ìyá ti í mọ igbe ọmọ rẹ̀. A kò dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀, kọ́bọ̀ kò sì kàn án.

Kí ẹnikẹ́ni má wí pé ọ̀tá ọ̀làjú ni wá. Ní 1922 ni àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọrin sínú àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ rẹ̀ sì wà lórí àwo náà. Ẹ̀rọ tí òyìnbó ń pè ní sampler, èyí tí Fairlight ti ilẹ̀ Ọsirélíà gbé jáde ní 1979, tí Akai ti Jàpáàn sì gbé MPC60 tẹ̀lé ní 1988, kì í ṣe ẹ̀mí àìmọ́. Ó ń sọ ohùn di nọ́ńbà, ó ń gé e wẹ́wẹ́, ó sì ń fi í sábẹ́ ìka ẹni tí kò lu ìlù rí. Lónìí, kọ̀ǹpútà ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá lè ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹjọ́ méjì ni a ní. Èkíní ni pé dùndún kì í ṣe ariwo, ọ̀rọ̀ ni. Ìlù kò lè pe lẹ́tà, ohùn nìkan ni ó lè gbé jáde. Bí onílù bá lu ohùn àárín, tí ó sì fi ohùn òkè tẹ̀lé e, ó lè jẹ́ ilé, ó lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ ọwọ́. Nítorí náà ni àwọn àgbà fi ń lu gbólóhùn gígùn, tí wọ́n ń fi oríkì yí ọ̀rọ̀ ká, kí olùgbọ́ lè mọ èyí tí wọ́n ń wí. Ẹni tí ó ń lo ẹ̀rọ gé gbólóhùn náà, ó mú ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá méjì, ó sì ń tún un lù bí ẹni tí ń kólòlò. Ọmọ tí ó bá ti kékeré gbọ́ èyí yóò rò pé ìlù kì í sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ tí a bá tún fi Olúbàdàn jẹ ní Mápó, ta ni yóò gbọ́ ohun tí onílù fi ń kì í?

Èkejì ni pé olè ni. Ní 1964, Serge Gainsbourg ti ilẹ̀ Faransé mú orin nínú àwo Drums of Passion, tí Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1960; kò sì kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín síbẹ̀. Nígbà náà ènìyàn ní láti tún un lù. Nísinsìnyí ohùn gan-an ni a ń gbé lọ. Ní 1991, nígbà tí Biz Markie gé orin Gilbert O'Sullivan láìgbàṣẹ, òfin kẹjọ nínú òfin mẹ́wàá ni adájọ́ ní New York fi bẹ̀rẹ̀ ìdájọ́ rẹ̀. Bí a bá ń gbèjà olórin òyìnbó báyìí, kí ni ó dé tí ti onílù Ìbàdàn fi di jẹun-ó-máa-lọ?

Àwọn kan yóò wí pé ogún gbogbo Yorùbá ni ìlù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó lù ú ní olúwa rẹ̀. Òfin 1988, àti ti 2022 tí ó rọ́pò rẹ̀, kò fẹ́ kí a fi iṣẹ́ àbáláyé ṣòwò láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n Àjọ ìjọba ni ó fi àṣẹ náà lé lọ́wọ́, kì í ṣe agbo ilé Àyàn. Ọ̀nà Àbújá sì jìn sí Bẹyẹrunkà.

Àwa pẹ̀lú jẹ̀bi. Àwọn àlùfáà tí ó ṣáájú wa lé ìlù jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa olùkọ́ sì kọ́ ọmọ ní dùrù, a kò kọ́ wọn ní dùndún. Ẹni tí ó da ẹrù rẹ̀ sí títì, ṣé ó lè bínú tán sí ẹni tí ó ṣà á?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí onílù kankan má ṣe lù fún ẹ̀rọ láìjẹ́ pé a kọ orúkọ rẹ̀, agbo ilé rẹ̀ àti ìpín rẹ̀ sínú ìwé. Kí ẹ̀yin ìjòyè pe àwọn àgbà Àyàn láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba, kí a gba ohùn wọn sílẹ̀ ní odindi gbólóhùn, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ àti orúkọ ẹni tí ó lù ú. Kí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sì gba onílù sípò olùkọ́, pẹ̀lú owó oṣù.

A ó gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí ń bọ̀. Kí olúkúlùkù mú ìmọ̀ràn tirẹ̀ wá, kí ẹni tí ó bá sì mọ onílù kan mú un lọ́wọ́ wá pẹ̀lú.