Zaki Biam, ìlú ọlọ́jà iṣu

Bí ẹ bá gún iyán nílé lálẹ́ òní, ì báà jẹ́ l'Ékòó tàbí ní Port Harcourt, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Zaki Biam ni iṣu rẹ̀ ti wá. Ìlú kékeré kan ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ukum, ìpínlẹ̀ Benue, lójú ọ̀nà tó ti Katsina-Ala lọ sí Wukari. Àwọn Tiv ló ni ín. Ọjà iṣu ló sọ ọ́ dèèyàn ńlá láàárín ìlú, nítorí ọjà náà wà lára èyí tó tóbi jù ní Nàìjíríà, orílẹ̀-èdè tó ń gbin ju ìdajì iṣu gbogbo ayé lọ.

Àgbẹ̀ Tiv kì í fi iṣu ṣeré. Ọkọ́ ló fi ń kọ ebè, ebè ńláńlá. Bí ẹnì kan bá ní òun kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ́dún yìí, ẹ̀yin tí ẹ ti di ọkọ́ mú rí, ẹ ó mọ ohun tí ẹ̀yìn rẹ̀ fara gbá. Wọ́n á fi koríko gbígbẹ dé orí ebè kí oòrùn má bàa jó ebu. Bí òjò bá dé, wọ́n á ri igi fún itàkùn láti gùn. Nílé, iyán ni oúnjẹ iyì. Ruam kumen ni wọ́n ń pè é.

Lọ́jà, wọn kì í gbé iṣu sórí òṣùwọ̀n. Kíkà ni wọ́n ń kà á, lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún, kí àwọn alábàárù tó tò ó sínú ọkọ̀ bí ẹní ń to ẹyin. Èyí tí ọkọ́ bá ṣá lójú kò ní pẹ́ jẹrà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Àsìkò tí gbogbo oko ń wa iṣu ni owó rẹ̀ ń wálẹ̀, àsìkò náà sì ni owó iléèwé ọmọ ń dé. Alágbàtà mọ̀. Ó lè dúró. Iṣu kò lè dúró. Tó bá fi máa di oṣù kẹfà tí iṣu wọ́n, ọwọ́ àwọn tó lówó láti tọ́jú rẹ̀ ló máa ń wà.

Ìlú náà ti rí ìbànújẹ́ tó ju ti ọjà lọ. Lóṣù kẹwàá ọdún 2001, lẹ́yìn tí wọ́n pa sójà 19 lágbègbè náà, àwọn sójà wá gbẹ̀san, wọ́n sì pa èèyàn tó lé ní 100 níbẹ̀ àti láwọn abúlé tó yí i ká. Lóṣù kẹta ọdún 2017, àwọn agbébọn ya wọnú ọjà iṣu gan-an, wọ́n yìnbọn pa àwọn tó wá tajà. Ọjà tún padà kún. Àmọ́ láwọn abúlé, ìkọlù ṣì ń lé àgbẹ̀ kúrò lóko.

Ẹni tó bá sá kúrò lóko kò pàdánù ti ọdún kan péré. Lára iṣu tó wà nínú àká ni ebu ọdún tó ń bọ̀ ti ń jáde. Bí kò bá rí ilẹ̀ gbìn ín sí, yóò hù lásán nínú àká, kò sí ohun tí wọ́n lè fi ṣe ju kí wọ́n sè é jẹ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, owó ni àgbẹ̀ yóò fi ra ebu lọ́jà tó ti ń tà tẹ́lẹ̀.