Ta Ló Ni Òdo Náà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èébú. Nínú gbogbo orúkọ burúkú tí wọ́n ń pe ọmọ ilé ìwé ní Èkó, "olódo" wà lára èyí tó wọ́pọ̀ jù, inú ìṣirò ló sì ti jáde. Oní-òdo, ẹni tó gba òdo. Ó ti tàn kálẹ̀ báyìí. Wọ́n ń fi bú ẹni tí kò mọ gírámà, wọ́n ń fi bú awakọ̀, kódà wọ́n ń fi bú mínísítà lórí Twitter. Ṣùgbọ́n òdo yẹn ṣì wà nínú rẹ̀.

Àwa tí à ń kọ èyí, ojú ọ̀nà Iyana-Iba la gbé dàgbà. Àwọn kan nínú wa ń gbé Iba, àwọn kan wà ní Okokomaiko, ẹnìkan ṣì ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí LASU lójoojúmọ́ nítorí owó ọkọ̀. Nírọ̀lẹ́, a máa ń ran àwọn ọmọ àdúgbò lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ àṣetiléwá wọn, èyí tí gbogbo Èkó ń pè ní "lesson". Ibẹ̀ la ti pàdé ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún 11. Ó ń ka Yorùbá, ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lè sọ ìtàn fíìmù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfo ibì kankan. Ṣùgbọ́n tí o bá kó òkúta mẹ́jọ síwájú rẹ̀, tó kà á tán, tí o wá tún òkúta náà tò lójú rẹ̀, á tún un kà láti orí ọ̀kan. Tí o bá bi í pé èwo ló pọ̀ jù nínú 14 àti 40, kò ní wo nọ́ńbà. Ojú rẹ ló máa wò, kó lè mọ èyí tí o fẹ́ gbọ́.

Ìyá rẹ̀ ní olùkọ́ ti nà án títí, ọwọ́ ti ro olùkọ́. Wọ́n ti mú un lọ gbàdúrà ìdáǹdè. Ká má parọ́, àwa náà pè é ní ọ̀lẹ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀bi tiwa wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tó ń ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórúkọ: dyscalculia. Ladislav Kosc, ọmọ Czechoslovakia, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1974, Brian Butterworth ní London sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí rẹ̀. Ọpọlọ ọmọ náà pé, ṣùgbọ́n iye nǹkan kì í dúró sójú kan fún un. Àwọn onímọ̀ máa ń fojú bù ú pé èèyàn 3 sí 7 nínú 100 ló ní in. Mú kíláàsì tí ọmọ 60 wà nínú rẹ̀, irú èyí tí gbogbo wa jókòó sí: ọmọ méjì sí mẹ́rin nìyẹn. Àwọn mẹ́rin yẹn ni ẹgba mọ̀ jù.

A ò sọ pé gbogbo ọmọ tó bá fèèlì ló ní in o. Òmíràn kò rí pátákó dáadáa, jígí ló nílò. Òmíràn ebi ló ń pa á. Òmíràn sì wà tó mọ ìṣirò ju olùkọ́ lọ, ìwé ni kò mọ̀. Ní 1985, Terezinha Carraher àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde nípa ọmọ márùn-ún tó ń tajà ní Recife, ní Brazil. Lórí ọjà tí wọ́n ń tà, wọ́n gba nǹkan bíi 98 nínú 100. Nígbà tí wọ́n kọ irú ìṣirò kan náà sórí ìwé fún wọn láìsí ọjà nínú rẹ̀, ó já sí bíi 37. Ẹni tó bá ti ra omi tútù lọ́wọ́ ọmọ kékeré nínú gosíló ọ̀nà Badagry kò ní yà á lẹ́nu. Ìdí rẹ̀ nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ yẹ ọmọ wò kí ẹnikẹ́ni tó pè é lórúkọ kankan.

Ṣé nǹkan wà tó lè ran ọmọ náà lọ́wọ́? Ó pọ̀. Òkúta àti ọmọrí ìgò. Ìwé gíráàfù, kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lè jókòó sínú àpótí tirẹ̀, kí ẹyọ má lọ bá mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ìlà nọ́ńbà tí a fi ṣọ́ọ̀kì fà sílẹ̀ kí ọmọ lè fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ọpọ́n ayò, ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀: ta ló sọ fún yín pé ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rọ? Lẹ́yìn ìyẹn ni ti òde òní dé, kakulétọ̀, kakulétọ̀ tó ń sọ̀rọ̀, fóònù tó ń ka ìbéèrè sókè, áàpù tó ń fi àmì tó-tò-tó hàn ọmọ, tó sì ń tún un ṣe nígbà ogún láì bínú. A ò tíì rí olùkọ́ tó lè ṣe ìkẹyìn yẹn. Àwa gan-an ò lè ṣe é.

Ní Ojo níbí, Alaba wà lẹ́yìnkùlé wa. Àwọn oníṣòwò láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà ń wá rajà ẹ̀rọ níbẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ kún ibẹ̀ bí iṣu. Ọmọ tí kò rí kakulétọ̀ kan lò ní kíláàsì ń gba ẹ̀gbẹ́ ọjà náà kọjá lọ sílé ìwé láàárọ̀. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ẹ̀rọ ló ṣọ̀wọ́n. Ìyọ̀ǹda ló ṣọ̀wọ́n.

"Kakulétọ̀ á sọ wọ́n di ọ̀lẹ." A ti gbọ́ ọ débi pé ó ti di orin. Ẹ jọ̀ọ́, ìyá tó ń ṣe POS ní Iyana-Iba, kí ló wà lórí tábìlì rẹ̀? Oní-símẹ́ǹtì ńkọ́? Ọ̀gá tó ń ta tẹlifíṣọ̀n ní Alaba, tó ń tẹ kakulétọ̀ bí ẹni tẹ dùùrù, ta ló dójú kọ ọ́ pè é lólódo? JAMB fúnra rẹ̀ fi ẹ̀rọ ìṣirò sójú kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣe ìdánwò. WAEC gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ mú kakulétọ̀ tí kò ní prógíráàmù wọlé. Àgbàlagbà ń lò ó, ẹni tó fẹ́ wọ yunifásítì ń lò ó, ọmọ ọdún 9 tí nọ́ńbà ń sá fún nìkan la fi ń dù. Tó bá wá pé ọdún 17, a ó na kakulétọ̀ sí i ní gbọ̀ngàn ìdánwò, lẹ́yìn tó ti gbàgbọ́ tipẹ́ pé òun kò lórí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ́ọ̀sì ló sì ń béèrè kírẹ́dìtì nínú ìṣirò, LASU tó wà ní ìdojúkọ wa kò yàtọ̀.

Kakulétọ̀ kò mọ̀ bóyá kí òun ròó pọ̀ ni àbí kí òun yọ ọ́. Ọmọ ló máa sọ fún un. Iṣẹ́ ọpọlọ nìyẹn. Ìrántí tábìlì 7 kọ́ ni ìṣirò, bí a ṣe ń kọ ọ́ lórin láàárọ̀ nìkan ló mú ká rò bẹ́ẹ̀. A gbà pé òkúta gbọ́dọ̀ ṣáájú: ọmọ tí kò tíì mọ ohun tí mẹ́jọ jẹ́, kakulétọ̀ á kàn máa tàn yinrin lójú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, ọ̀pá arọ ló gbà yẹn.

Òfin ńkọ́? Òfin wà. Ti Èkó jáde ní 2011. Ti ìjọba àpapọ̀, Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ú ní oṣù Kìíní 2019, ó sì sọ pé kí gbogbo ilé ìwé ìjọba ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ nípa ẹ̀kọ́ àwọn tó ní ìpèníjà, pẹ̀lú ohun èlò tó yẹ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́ ti ń kọ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ láti 1977. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá dárúkọ ìpèníjà, kẹ̀kẹ́ arọ àti ọ̀pá funfun ni gbogbo ojú ń wá. Ìpèníjà tí kò hàn síta, ẹgba ló ń rí gbà. Ó dà bí ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ní ó ń bọ̀ ní Okokomaiko: nígbà tí wọ́n ṣí i ní 2023, Mile 2 ló dúró sí.

A mọ̀ pé ìjọba Èkó ti na owó sórí ẹ̀rọ. Ètò EKOEXCEL gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lé olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, a ò sì ní pe rere ní búburú. Ọwọ́ olùkọ́ ló ṣì wà. Ọmọ tí à ń sọ nílò èyí tó máa wà lọ́wọ́ òun, tó máa dúró dè é lórí mẹ́jọ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dé orí ìdá.

Wọ́n ti ṣe é níbòmíràn, kì í sì í ṣe ìlú òyìnbó. Ní Malawi, wọ́n kó tábúlẹ́ẹ̀tì tí áàpù ìṣirò wà nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké, èdè Chichewa ló ń sọ sí wọn létí. Nicola Pitchford àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Nottingham wo àwọn tó ní ìpèníjà láàárín wọn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2018: àwọn ọmọ náà tẹ̀ síwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò yára tó ẹgbẹ́ wọn. Ní Tanzania, lágbègbè Tanga, wọ́n fi Swahili dán áàpù wò ní ìgbèríko fún ìdíje Global Learning XPRIZE. Onebillion àti Kitkit School ló jọ gba ipò kìíní ní 2019, wọ́n sì gbé kóòdù iṣẹ́ náà síta lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ mú un kó fi èdè tirẹ̀ ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi hàn ayé, ẹ̀yin là ń wò báyìí.

Torí ọ̀rọ̀ èdè yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ní kíláàsì, "fourteen" àti "forty" fẹ́ẹ̀ jẹ́ ìbejì létí ọmọ. Ó délé, mẹ́rìnlá ni mẹ́wàá tí a fi mẹ́rin kún, mẹ́rìndínlógún sì ni ogún tí a yọ mẹ́rin nínú rẹ̀. Mẹ́rin kan náà, ọ̀kan ń gòkè, ìkejì ń sọ̀ kalẹ̀. Kó tó mọ márùndínláàádọ́ta, ó gbọ́dọ̀ ti gun 50 kó tó padà sílẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, a sì ń fi yangàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí iye ń yọ́ lọ mọ́ lọ́wọ́ nílò ẹni tó máa fi òkúta hàn án, ní èdè tó fi ń lá àlá, pé ibí la ti yọ mẹ́rin. Ní àdúgbò wa, èdè náà lè jẹ́ Yorùbá, Ègùn tàbí Ígbò. Ohùn ẹ̀dá ni ẹ jẹ́ ká fi sínú áàpù náà.

"Wọ́n na àwa náà, a sì là á já." Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi ara yín léèrè iye ẹni tí ẹ jọ jókòó ní kíláàsì kẹrin tí kò là á já.

Ọmọbìnrin wa ti ń ta ayò báyìí. Ní Sátidé tó kọjá ó na ọ̀kan nínú wa, ó sì pè é lópè lójú gbogbo èèyàn. Ó ka èrè rẹ̀ ní mẹ́rin, mẹ́jọ, méjìlá, mẹ́rìndínlógún, kò padà sórí ọ̀kan. Kakulétọ̀ kékeré tí a dáwó rà fún un ní Alaba, olùkọ́ gbà á ní Mọ́ńdè, ó ní ọmọ rere kì í lò ó. Lọ́la, èmi àti ìyá rẹ̀ àti gbogbo wa tó bá ráyè ń lọ síbẹ̀ láti gbà á padà.