Orúkọ Ilé Epo àti Òṣùwọ̀n Òtítọ́

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bí a ti jáde kúrò ní ilé Ọlọ́run, iyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní iwájú ilé wa ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Kì í ṣe lórí ìwàásù, bí kò ṣe lórí epo bẹntiróò. Àgbà kan wí pé epo ilé epo kan a máa pẹ́ nínú ọkọ̀ ju ti òmíràn lọ. Èkejì wí pé irọ́ ni, epo ni epo ń jẹ́. Wọ́n bi wá léèrè, nítorí wọ́n mọ̀ pé akọ̀wé ni wá, a sì máa ń kọ ìnáwó ilé wa sílẹ̀. A kò fèsì ní ọjọ́ náà, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ojú egbò wa. Lónìí ni a ó dáhùn.

Ọ̀rọ̀ eré kọ́ ni èyí. Kí ìjọba àpapọ̀ tó mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan kò tó 200 náírà ní àwọn ilé epo NNPC ní Èkó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti di 998 náírà. Owó tí ó ń ra lítà márùn-ún kò wá ra ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí nǹkan bá wọ́n tó bẹ́ẹ̀, oníkálukú a máa wá epo tí yóò pẹ́ lọ́wọ́ òun, àhesọ a sì máa pọ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ẹnìkan ya fídíò kan tí ó tàn ká orí fóònù. Ó bu lítà kan epo Dangote tí a rà ní ilé epo MRS sínú ẹ̀rọ amúnáwá kan, ó sì bu lítà kan ti NNPC sínú òmíràn. Ó ní ti àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 33, ti èkejì fún ìṣẹ́jú 17. NNPC sẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì wí pé púpọ̀ nínú epo tí òun ń tà ní Èkó, láti ilé ìfọpo Dangote kan náà ni ó ti ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a fi làákàyè wò ó. Agbára tí ó wà nínú lítà bẹntiróò kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti òmíràn. Kò sí bí ojúlówó bẹntiróò kan ti lè ní agbára ìlọ́po méjì èkejì. Bí ẹ̀rọ méjì bá yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ yẹ ẹ̀rọ náà wò, ẹ yẹ ẹrù tí a dì lé e wò, ẹ sì yẹ òṣùwọ̀n wò, kí ẹ tó dá epo lẹ́bi. Orúkọ ara ilé epo, aṣọ ni. A máa ń pààrọ̀ rẹ̀. BP di African Petroleum ní 1979, ó tún di Forte Oil, lẹ́yìn náà ó di Ardova. Ilé epo tí àwọn bàbá wa mọ̀ sí Texaco ni ó di MRS. Àwọn baba ńlá àdúgbò wa bá Ọba Kòsọ́kọ́ ti Ẹ̀pẹ́ padà wá sí Èkó ní 1862, èyí ni a fi ń jẹ́ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni bẹntiróò pẹ̀lú ti ń jáde ní ìhà ibẹ̀, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, a sì ń tà á lábẹ́ orúkọ púpọ̀.

Àwa kò wí pé epo kì í bàjẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, a kó epo kan wọ ilẹ̀ yìí tí mẹ́táánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ, títí a fi kó o kúrò lórí títà. Lítà mẹ́táánọ́ọ̀lù kan kò ní ju bí ìlàjì agbára bẹntiróò lọ. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí a ti ń da ọtí àgbàdo bí ìdá 10 nínú 100 mọ́ epo, ọkọ̀ a máa pàdánù bí ìdá 3 nínú 100 ìrìn rẹ̀. Ohun tí a dà mọ́ epo ni ó ń dín ìrìn kù, kì í ṣe orúkọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ẹ̀bi wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń wa ọkọ̀ wa, ó sì ń fi í kó ọjà lọ sí òkè odò. Lítà kan a máa gbé ọkọ̀ náà rin kìlómítà 9. Nígbà tí a pa ilé epo dà nítorí pé ọ̀kan súnmọ́ ilé, ó wálẹ̀ sí 7 àti ààbọ̀. A pè é, a sì sọ fún un níwájú àwọn ará ilé pé ó ń fa epo wa tà.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, n kò fọwọ́ kan epo yín rí.”

A kò gbà á gbọ́. A sì dá owó iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ìyá ilé ni ó wí fún wa ní alẹ́ pé, “Bàbá wọn, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìjọ pé kí a má ṣe dájọ́ kí a tó gbọ́ ẹjọ́, ǹjẹ́ ẹ bá a dé ilé epo náà?”

Ní ọjọ́ kejì a bá a lọ. Lítà 45 ni táǹkì wa ń gbà, ìdá kan nínú mẹ́rin epo sì ṣì wà nínú rẹ̀. Lítà 34 yẹ kí ó kún un. Ẹ̀rọ ilé epo náà ka 41 kí ó tó kún. Níbo ni lítà méje wọlé sí? Kì í ṣe epo ni kò pẹ́. Òṣùwọ̀n ni kò pé. Ojú tì wá gidigidi. Níwájú àwọn tí a ti fi ẹ̀sùn kàn án ni a ti bẹ̀ ẹ́, a sì san owó rẹ̀ pé.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa sí gbogbo baálé ilé nìyí. Èkíní, ẹ kún táǹkì yín, kí ẹ sì kọ iye kìlómítà tí aago ọkọ̀ kà sílẹ̀. Bí ẹ bá tún kún un, ẹ fi iye lítà tí ẹ rà pín kìlómítà tí ẹ rìn. Ẹ ṣe é nígbà mẹ́rin ní ọ̀nà kan náà kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Èkejì, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ pé nínú taya, nítorí taya tí ó rọ̀ a máa jẹ epo. Ẹ̀kẹta, ẹ rántí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ: ọkọ̀ tí ó dúró sójú kan tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lè mu lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan, ìwàkuwà pẹ̀lú a sì máa fi epo ṣòfò. Ẹ̀kẹrin, bí ẹ̀rọ ilé epo bá ń jalè, ẹ fi tó àjọ NMDPRA létí, nítorí ó ní àṣẹ láti tì í pa.

Ìdáhùn wa sí àwọn àgbà wa ni pé kí wọ́n má ṣe jiyàn lórí orúkọ mọ́. Kí wọ́n wá ilé epo tí òṣùwọ̀n rẹ̀ pé, kí wọ́n sì dúró tì í. Ọba Sólómọ́nì ti kìlọ̀ fún olùtajà nípa òṣùwọ̀n èké. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń rajà pẹ̀lú ní òṣùwọ̀n tiwa, èyí tí a fi ń wọn ọmọ ọlọ́mọ. Kí Olúwa jẹ́ kí ó pé.